Pákó ọnà ara kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná ní Festac Town àti Amúwo-Ọ̀dọ̀fin

Pákó ọnà ara kọ́bọ́ọ̀dù ni àwọn pákó tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn tí a ti fi irinṣẹ́ tàbí ẹ̀rọ fá ojú wọn ní ebè àti poro, tí a sì ń kàn mọ́ orí, etí, ẹsẹ̀ tàbí ojú ìlẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná. A ń lò wọ́n láti ṣe kọ́bọ́ọ̀dù lọ́ṣọ̀ọ́, láti bo àlàfo tí ó wà láàárín kọ́bọ́ọ̀dù àti ògiri tàbí àjà, àti láti jẹ́ kí kọ́bọ́ọ̀dù tí ó jọ ti gbogbo ènìyàn di èyí tí ó bá ìfẹ́ onílé mu. Àwọn káfíńtà Èkó a máa pe èyí tí ó kéré ní bídìn, wọn a sì máa pe èyí tí ó tóbi, tí a ń kàn sókè pátápátá, ní kíráùn. Ní Festac Town àti ní àwọn àdúgbò yòókù ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Amúwo-Ọ̀dọ̀fin, Ìpínlẹ̀ Èkó, ohun méjì ni ó mú kí iṣẹ́ yìí yẹ fún àkíyèsí. Èkíní ni pé ọ̀pọ̀ ilé ibẹ̀ ni a kọ́ pa pọ̀ lórí ìwọ̀nba àwòrán díẹ̀. Èkejì ni pé ilẹ̀ náà sún mọ́ omi tó bẹ́ẹ̀ gẹ́ẹ́ tí ó fi jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ọlọ́rinrin ni ó ń pinnu bí pákó yóò ti pẹ́ tó, ju ẹwà rẹ̀ lọ.

Àwọn ilé tí ó jọra

Festac Town gba orúkọ rẹ̀ láti ara FESTAC '77, àjọ̀dún àgbáyé kejì fún iṣẹ́ ọnà àti àṣà àwọn ènìyàn dúdú àti ti Áfíríkà, tí ó wáyé ní Nàìjíríà láti ọjọ́ 15 oṣù kìíní sí ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 1977. Ìjọba àpapọ̀ kọ́ ìlú náà sí ẹ̀bá ọ̀nà márosẹ̀ tí ó lọ láti Èkó sí Àgbádárìgì, kí àwọn àlejò tí iye wọn tó nǹkan bí 17,000 lè rí ibi dé sí. Ilé tí ó lé ní 5,000 ni a kọ́, pẹ̀lú òpópónà ńlá méje tí a fi nọ́ńbà sọ lórúkọ. Àjọ Federal Housing Authority, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1973, ni iṣẹ́ náà wà lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí àlejò lọ tán, a ṣẹ́ kèké láàárín àwọn tí ó fẹ́ ilé, a sì pín in fún àwọn tí kèké mú.

Ẹni tí ó bá gba irú ilé bẹ́ẹ̀ gba ilé ìdáná tí ìwọ̀n rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti aládùúgbò. Kò lè fẹ ògiri rẹ̀ bí ó ti wù ú, pàápàá bí ó bá jẹ́ pé inú ilé alájà púpọ̀ ni ó wà, níbi tí ògiri kan náà ti gbé ilé ẹlòmíràn dúró. Ohun tí ó kù tí ó lè yí padà ni ohun tí ó wà lára ògiri náà: ọ̀dà, táìlì, àti kọ́bọ́ọ̀dù. Kọ́bọ́ọ̀dù tuntun sì wọ́n. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ onílé fi ń dá ògbólógbòó kọ́bọ́ọ̀dù sí bí egungun rẹ̀ bá ṣì le, tí wọ́n sì ń kàn pákó ọnà mọ́ ọn kí wọ́n tó tún un kùn. Ìlẹ̀kùn pẹlẹbẹ tí a kan férémù tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ lójú, tí a sì fọ́n ọ̀dà tuntun sí, kì í jọ ara rẹ̀ àná mọ́.

Ibi tí iṣẹ́ náà ti ṣẹ̀ wá

Ìrísí tí ọ̀pọ̀ pákó ọnà òde òní ní ti wà lára òkúta àwọn tẹ́ḿpìlì ilẹ̀ Gíríìkì àti ti Róòmù láyé àtijọ́. Òjìji ni ète rẹ̀: bí ìmọ́lẹ̀ bá bọ́ sí orí ebè, poro yóò ṣókùnkùn, ojú yóò sì rí ìlà tí ó mọ́ gaara láti òkèèrè. Ọwọ́ ni a fi ń fá ti igi fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, kí William Woodworth ní Amẹ́ríkà tó gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ ìfági rẹ̀ ní ọdún 1828. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni ó sọ ohun tí ó jẹ́ ti ọlọ́rọ̀ nìkan di ohun tí mẹ̀kúnnù náà lè rà.

Ní Èkó, àwọn Àgùdà tí ó padà dé láti Bràsíìlì ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni ó sọ iṣẹ́ yìí di ohun tí ojú mọ̀. Kọ́lékọ́lé àti káfíńtà wà láàárín wọn, wọ́n sì fi ọnà sí ojú fèrèsé, etí òrùlé àti ìlẹ̀kùn ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey, tí a ṣí ní ọdún 1894, ṣì ń fi ìrísí iṣẹ́ wọn hàn. Ilé Ìlójò ní gbàgede Tinúbú, tí a kọ́ ní ọdún 1855, jẹ́ ọ̀kan nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ títí tí a fi wó o ní ọdún 2016.

Kò yẹ kí a da iṣẹ́ yìí pọ̀ mọ́ ti gbẹ́nàgbẹ́nà ilẹ̀ Yorùbá. Ìlẹ̀kùn tí Olówè ará Ìsẹ̀ gbẹ́ fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́, tí a gbé lọ sí ìpàtẹ Wembley ní ọdún 1924, tí ó sì wà ní Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé ti Ìlú Gẹ̀ẹ́sì báyìí, ń sọ ìtàn: ènìyàn, ẹṣin àti ọba ni ó wà lójú rẹ̀, kò sì sí igun méjì rẹ̀ tí ó dọ́gba. Pákó ọnà ní tirẹ̀ kì í sọ ìtàn kankan. Ìlà kan ṣoṣo ni ó ń tún sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Síbẹ̀, káfíńtà tí ó bá ní ọwọ́ lè gbẹ́ ọnà ìbílẹ̀ díẹ̀ sí igun ìlẹ̀kùn, kí ó sì fi pákó ọnà yí i ká bí férémù. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ yẹ ìlú tí a kọ́ nítorí àjọ̀dún ọnà ju òdòdó àfẹ̀rọgbẹ́ tí a kó wọlé láti òkè òkun lọ.

Àwọn oríṣi rẹ̀

Kíráùn ni ó ń jókòó sí orí kọ́bọ́ọ̀dù òkè, tí ó sì ń yọrí síwájú bí ó ti ń lọ sókè. Abẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù òkè ni a ń kan pákó tẹ́ẹ́rẹ́ mìíràn sí láti fi bo iná tí ó ń tàn sí orí ibi tí a ti ń gé ẹ̀fọ́. Ọjà Alábà, tí kò jìnnà sí Festac, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ra irú iná bẹ́ẹ̀. Pákó pẹlẹbẹ kan wà fún ibi tí kọ́bọ́ọ̀dù bá ti kan ògiri tí kò gún régé. Òmíràn wà fún ẹsẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù ìsàlẹ̀. Bídìn a máa wà ní etí pákó oníhòhò, tàbí kí a fi ṣe férémù sí ojú ìlẹ̀kùn. Àwọn tí ó bá fẹ́ àṣerégèé a tún máa fi òpó oníporo sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ibi ìdáná.

Ìlẹ̀kùn tí àwọn oníṣòwò ń pè ní Shaker, tí ó ní férémù pẹlẹbẹ yí ká tí àárín rẹ̀ sì wọlé díẹ̀, gba orúkọ rẹ̀ lára ìjọ onígbàgbọ́ kan ní Amẹ́ríkà tí wọ́n kórìíra ọ̀ṣọ́ àṣejù. Ó pani lẹ́rìn-ín díẹ̀ pé orúkọ wọn náà ni a fi ń ta ọ̀ṣọ́ lónìí.

Yíyan igi

Níbi tí a dé yìí ni iṣẹ́ ti ń yè tàbí kú. Àrọko omi àti ilẹ̀ àbàtà ni ó yí Amúwo-Ọ̀dọ̀fin ká, omi ọ̀sà kò sì jìnnà. Igi a máa mu omi láti inú afẹ́fẹ́ nígbà òjò, a sì máa tú u sílẹ̀ nígbà ọyẹ́ tàbí nínú ilé tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń ṣiṣẹ́. Bí ó bá mu omi, yóò wú ní ìbú. Bí ó bá gbẹ, yóò sún kì. Gígùn rẹ̀ kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà rárá. Nítorí ìyàtọ̀ yìí ni igun tí ó pàdé dáadáa ní oṣù keje fi lè là ní oṣù kìíní.

Àrère ni igi tí ó rọrùn jù lọ fún iṣẹ́ yìí. Ó fúyẹ́, ó funfun, kò ní kókó púpọ̀, irin kì í sì í ta á ní ẹ̀tanú. Igi kan náà ni wọ́n ń pè ní wawa ní Ghánà àti ayous ní Kamẹrúùnù, àwọn ilé iṣẹ́ ilẹ̀ Yúróòpù sì ti ń fi í ṣe pákó ọnà tipẹ́. Àbùkù rẹ̀ ni pé ikán àti kòkòrò ajẹgi fẹ́ràn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ó tètè ń dúdú bí a bá fi í sílẹ̀ ní tútù. Ó yẹ fún kọ́bọ́ọ̀dù òkè tí a óò kùn ní ọ̀dà. Kò yẹ fún ẹsẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù. Ọmọ, igi tí a fi ń gbẹ́ ìlù, rọ̀ díẹ̀ fún irin, ó sì ń kọ kòkòrò ju àrère lọ. Ọ̀gánwó pupa, ó sì ń dán bí a bá fi fánìṣì kùn ún. Ẹni tí ó bá kùn ún ní ọ̀dà funfun ti fi owó rẹ̀ ṣòfò. Ìrókò ni ó le jù nínú wọn. Ikán kì í sáré jẹ ẹ́, omi kì í tètè bà á jẹ́, ṣùgbọ́n ó wọ́n, ó ń mú irin kú, eruku rẹ̀ sì ń ta imú àti awọ ara.

Òkòbàbà ní Ẹ̀búté Mẹ́ta, ní etí ọ̀sà, ni ó jẹ́ ibi ìlagi tí ó lókìkí jù lọ ní Èkó fún ìgbà pípẹ́. Ibẹ̀ ni igi tí a gbá lójú omi láti inú igbó ti ń di pákó nígbà náà. Pákó tí ó ti ibi ìlagi wá lè jẹ́ tútù bí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní odò. Ọ̀nà tí ó rọrùn wà láti mọ èyí tí ó ti gbẹ: kí a gé ẹ̀là kan, kí a gbé e sórí òṣùwọ̀n, kí a kọ ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀, kí a tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta. Níwọ̀n ìgbà tí ó bá ṣì ń fúyẹ́ sí i, kò tíì gbẹ. Lẹ́yìn náà, ó dára kí pákó náà sùn nínú ilé tí a óò ti lò ó fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, kí ara rẹ̀ lè mọ afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kí a tó gé e.

MDF, ìyẹn pákó tí a fi fọ́nrán igi lílọ̀ àti àtè ṣe, ti gba ọ̀pọ̀ iṣẹ́ yìí mọ́ igi lọ́wọ́. Ọdún 1966 ni ilé iṣẹ́ kan ní Ìpínlẹ̀ New York kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é fún títà. Pẹpẹ rẹ̀ a máa gùn ní mítà 2.44, a sì máa fẹ̀ ní mítà 1.22. Kò ní kókó, kò ní ọ̀nà tí fọ́nrán ń gbà tọ̀, ó sì ń gba ọ̀dà bí awọ dígí. Omi nìkan ni ọ̀tá rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀tá náà wà ní Festac. Etí MDF tí omi bá wọ̀ yóò wú bí búrẹ́dì, kò sì ní padà sí bí ó ti wà mọ́ bí ó tilẹ̀ gbẹ. Bí ó ti wù kí ó pọ́wọ́ tó, kò yẹ kí a kàn án sí ẹsẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù ní ilé tí ó wà nílẹ̀pa, níbi tí àgbàrá lè wọlé, tàbí sí abẹ́ ibi ìfọwọ́ tí páìpù rẹ̀ ń jò. Ìrókò tàbí ike PVC ni ó tọ́ sí irú ibi bẹ́ẹ̀. Oníke fóòmù tí a fi ń ṣe ọnà àjà kò yẹ nítòsí iná rárá, nítorí pé ooru ń yọ́ ọ.

Wíwọ̀n àti gígé

Ẹ jẹ́ kí a mú ilé ìdáná kan tí kọ́bọ́ọ̀dù òkè rẹ̀ rọ̀ mọ́ ògiri méjì tí ó pàdé. Ojú kọ́bọ́ọ̀dù kìíní gùn ní mítà 2.4, ti èkejì gùn ní mítà 1.8, orí méjèèjì tí kò kan ògiri sì fẹ́ kí kíráùn ṣẹ́rí padà sẹ́yìn ní mítà 0.35. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà 4.9. Bí a bá fi ìdá mẹ́wàá kún un nítorí àṣìgé, ó di nǹkan bí mítà 5.4. Pákó onígi tí ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 12, ìyẹn mítà 3.66, méjì ni yóò tó. Èyí tí ó bá kù lára wọn ni a óò gé fún ìṣẹ́rí. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ MDF tí ó gùn ní mítà 2.44 ni a rà, ewu wà níbẹ̀. Kíráùn tí ó yọrí síwájú ní sẹ̀ǹtímítà 6 yóò gùn ju ojú kọ́bọ́ọ̀dù lọ ní sẹ̀ǹtímítà 6 ní igun ìta, nítorí náà a nílò mítà 2.46. Sẹ̀ǹtímítà méjì péré ni ó dín, ṣùgbọ́n yóò sọni di ẹni tí ń so pákó pọ̀ ní ojú ibi tí gbogbo àlejò ń wò.

Bí igun bá jẹ́ 90°, 45° ni a ń gé orí pákó kọ̀ọ̀kan. Igun ògiri kì í sábà pé 90° gan-an, nítorí náà a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n: bí ó bá jẹ́ 92°, 46° ni a óò gé ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ohun tí ó ń da kíráùn rú mọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ lójú ni pé kì í dùbúlẹ̀ lára kọ́bọ́ọ̀dù. Ó fẹ̀yìn tì. Nígbà tí a bá fẹ́ gé e nínú àpótí ìgégi, kí a gbé e sí i ní ìfẹ̀yìntì kan náà, ṣùgbọ́n kí a dorí rẹ̀ kodò, kí ẹ̀gbẹ́ tí yóò kan àjà wà nílẹ̀ àpótí. Ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ lè yí ayùn kí ó sì tún dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ lè tẹ́ pákó sílẹ̀ pẹrẹsẹ: fún kíráùn tí ìfẹ̀yìntì rẹ̀ jẹ́ 38°, yóò yí ayùn dé 31.6°, yóò sì dà á dé 33.9°. Kí a kọ́kọ́ dán an wò lára ẹ̀là méjì kí a tó fọwọ́ kan pákó gidi.

Ní igun inú, àwọn àgbà káfíńtà kì í gé pákó méjèèjì ní ìdajì igun. Wọn a jẹ́ kí èkíní lọ kan ògiri tààrà, wọn a sì fi ayùn tẹ́ẹ́rẹ́ gé orí èkejì tẹ̀ lé ebè àti poro èkíní, kí ó lè gùn ún lórí bí ìdérí àpótí. Iṣẹ́ yìí ń gba àkókò, ṣùgbọ́n nígbà tí ọyẹ́ bá dé tí igi sì sún kì, ojú igun náà kì í là tó ti onígbọ́nranni.

Ẹ̀yìn pákó àti orí tí a gé ni ó yẹ kí ọ̀dà àkọ́kùn kọ́kọ́ kàn, kí a tó kan pákó mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tí ó bàjẹ́ ni a kùn lójú nìkan, tí omi sì gba ẹ̀yìn wọlé. Àtè igi àti ìṣó wẹ́ẹ́rẹ́ ni a fi ń dè é. Bí ó bá jẹ́ ìrókò, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lu ihò kékeré fún ìṣó kí igi má baà là. Kí a tó kan bídìn sí ojú ìlẹ̀kùn, kí a ṣí ìlẹ̀kùn náà àti dúrọ́ọ̀ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ wò ní igun. Sísanra tí a fi kún un lè mú kí ọ̀kan máa kọ lu ọwọ́ èkejì, àwọn ìdè tí ó ti gbó sì lè má lè gbé ẹrù tuntun.

Epo, èéfín àti ìmọ́tótó

Ilé ìdáná tí a ti ń dín dòdò, tí a ti ń yọ́ epo fún ọbẹ̀ ata, kì í ṣe ibi tí poro jíjìn yẹ. Epo tí ó bá afẹ́fẹ́ gòkè a máa sùn sínú poro, eruku a sì lẹ̀ mọ́ ọn, títí tí yóò fi di ohun tí kànrìnkàn kò lè yọ. Ìmọ̀ràn tí ó dára ni pé kí pákó tí ó bá wà láàárín mítà kan sí ibi ìdáná jẹ́ pẹlẹbẹ tàbí kí ebè rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo tí ó fẹ̀, kí a sì fi ọnà tí ó díjú sí apá ibi tí a ń tọ́jú àwo sí. Ọ̀dà olóòróró tí ń dán rọrùn láti nù ju èyí tí kò dán lọ. Òróró apakòkòrò tí a ń fi pa igi òrùlé kò yẹ lára kọ́bọ́ọ̀dù tí a ń kó oúnjẹ sí.

Eruku àti ààbò

Ní ọdún 1995, àjọ tí ń ṣe ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé ka eruku igi mọ́ àwọn ohun tí ó ń fa àrùn náà fún ènìyàn. Ní ọdún 2004, ó ka fọmalidihaídì, èròjà tí ó sábà máa ń wà nínú àtè MDF, mọ́ wọn pẹ̀lú. Káfíńtà tí ó ń fá pákó lójoojúmọ́ ni ewu náà wà fún jù, kì í ṣe ẹni tí ó ń se oúnjẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Aṣọ tí a so mọ́ imú kò tó. Ìbòmú tí ó dì mọ́ ojú, tí a ṣe fún eruku wẹ́ẹ́rẹ́, ni ó yẹ. Gígé MDF nínú ilé tí ènìyàn ń gbé, tí fèrèsé wà ní títì, jẹ́ ìwà tí ó yẹ kí onílé kọ̀. Ìta ni ó yẹ kí a ti gé e, kí a sì gbé e wọlé fún kíkàn.

Ayálégbé

Ọ̀pọ̀ olùgbé Festac, Míìlì Méjì àti Satellite Town kò ní ilé tí wọ́n ń gbé. Fún irú wọn, iṣẹ́ tí a lè tú ni ó dára jù: kíráùn tí a kàn mọ́ pákó pẹlẹbẹ kan, tí a sì fi ìṣó oníyìí mélòó kan de pákó náà mọ́ orí kọ́bọ́ọ̀dù láti ẹ̀yìn, láìlo àtè. Bí ọjọ́ àtikúrò bá dé, ìṣó náà ni a óò tú, a óò sì fi pọ́tì dí ihò rẹ̀. Ó yẹ kí àdéhùn pẹ̀lú onílé wà ní kíkọ sílẹ̀ ṣáájú, pẹ̀lú àwòrán kọ́bọ́ọ̀dù bí ó ti wà tẹ́lẹ̀, nítorí pé onílé kan lè rí ọ̀ṣọ́ níbi tí òmíràn ti rí ìbàjẹ́. Kíráùn tí a tú yìí lè bá ayálégbé lọ sí ilé tuntun bí ojú kọ́bọ́ọ̀dù ibẹ̀ kò bá gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Orí rẹ̀ nìkan ni a óò tún gé.